Kẹ́míkà Ò Mọ Òkú Yàtọ̀ sí Alààyè

(Ohùn márùn-ún ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn.)

Ohùn kìíní

 Àwa tí a wà lórí òkè ní Agbaja níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà nísàlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ẹ̀yin ará Kàbà, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lójú ọ̀nà Èkó, ajé á wá wa wá o. Alága wa ti gbà mí láyè. Ẹ ní kí n má pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, n ó pẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Tuesday ló gbé mi dìde. Ẹ rántí pé ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa obìnrin béèrè lórí gúrúùpù yìí pé ẹnì kan fẹ́ kí òun bá a gbé ogún kẹ́ẹ̀gì fọ́málínì láti Èkó wá sí Lọ́kọ́ja, owó tó fẹ́ san sì dára. Inú tírélà tí a fi ń kó pánlá àti fláwà wa náà ló fẹ́ kó o sí. Ẹ rántí èsì tí a fún un. Ẹnì kan ní kó béèrè owó sí i. Ẹlòmíràn ní, "Ṣebí òkú ló wà fún? Kí ló kan alààyè níbẹ̀?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Nígbà tó di òru, oorun ò kun mí, torí mo mọ̀ pé nínú gbogbo wa, èmi gan-an ló yẹ kó sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ pé kí n tó máa ta pánlá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń tọ́jú òkú àti ẹ̀yà ara fún àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Èmi ni mo ń po omi oògùn, èmi ni mo ń dà á sínú ìgò, èmi ni mo ń nu ilẹ̀. Nínú àwọn ìgò yẹn, ẹ ó rí ọkàn èèyàn, ẹ ó rí kíndìnrín, ẹ ó rí ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé. Ẹni tó fi iṣẹ́ hàn mí sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Má bẹ̀rù òkú, òkú kì í jà." Òótọ́ ló sọ, òkú kì í jà. Ohun tí wọ́n fi pa òkú mọ́ ló ń jà, kò sì sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi.

Lẹ́yìn tí mo kúrò níbẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ohun tí mo fọwọ́ kàn fún odindi ọdún mẹ́sàn-án. Ìtàn tí mo bá níbẹ̀ ti wà kí bàbá àwọn bàbá wa tó dáyé, ó sì gba ẹsẹ̀ òkè wa yìí kọjá. Òun ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí, lẹ́yìn náà kí a wá dá àbúrò wa lóhùn bó ṣe yẹ.

Ohùn kejì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọtí. Gbogbo wa mọ̀ pé ẹran tí a bá fi sílẹ̀ lásán á rà. Àwọn bàbá wa ní iyọ̀, wọ́n ní oòrùn, wọ́n ní ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọkàn ẹran ṣe rí gẹ́lẹ́ lẹ́yìn ọdún méjì, kò lè yan án, torí á sún kì. Ní àwọn ọdún 1660, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Robert Boyle fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Royal Society pé bí èèyàn bá ri ẹran sínú ọtí tó le gan-an, èyí tí wọ́n sè látinú wáìnì, kò ní rà.

Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà àti àwọn ọba ti ń kó ẹ̀yà ara jọ sínú ìgò. Ní Amsterdam, Frederik Ruysch kó tirẹ̀ jọ, ó sì dára débi pé Ọba Peter ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1717, ní 30,000 guilder, owó ilẹ̀ wọn nígbà yẹn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rí i pé ọjà ni nǹkan yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, kú lójú ogun Trafalgar lọ́dún 1805, inú àgbá burandí ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ sí kó má bàa bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e délé.

Ewu ọtí kò fara pamọ́. Iná ni. Ọtí tó le débi pé ó lè pa òkú mọ́, ó le débi pé ó lè gbaná lójú kan náà. Oru tó ń jáde lára rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń gbaná. Ní oṣù May 2010, iná jó ilé tí wọ́n kó ejò inú ìgò sí ní Butantan, ní ìlú São Paulo lórílẹ̀-èdè Brazil. Ejò tó lé ní 70,000 ló ṣègbé, ohun tí wọ́n ti ń kó jọ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọtí tí wọ́n fi pa á mọ́ ló wá di epo fún iná náà. Àwa ará Lọ́kọ́ja ò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé iná fún wa. Ẹ rántí Felele, oṣù September 2020, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọtí tún ní ìbejì kan tó burú. Methanol ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá bù wọ́n sínú ife méjì fún yín, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo. Ẹni tó bá mu methanol lè fọ́jú, ó sì lè kú. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, ní oṣù April 2015. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, àwọn èèyàn ń kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Àwọn kan ní òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣàyẹ̀wò, methanol ni wọ́n bá lára wọn, ó bá ògógóró wọlé. Ó ju èèyàn mẹ́wàá lọ tó bá a lọ. Ẹ fi orúkọ methanol yẹn sọ́kàn. Ó ń bọ̀ wá bá wa nínú kẹ́ẹ̀gì.

Ohùn kẹta

Ẹ kú ìsinmi o. Mo rí i pé àwọn kan ti ń tẹ ìbéèrè ránṣẹ́. Ẹ ní sùúrù, màá dáhùn.

Ọtí wúwo, ìgò sì ń fọ́. Ẹni tó ń rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn, tó ń pa ẹyẹ, tó sì fẹ́ gbé e délé, awọ ẹyẹ náà ló máa ń bó, á wá fi oògùn pa á lára kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní ìlú Metz, nílẹ̀ Faransé, apòògùn kan wà tó ń jẹ́ Jean-Baptiste Bécoeur. Òun ló po ọṣẹ kan pọ̀: ọṣẹ lásán, káńfọ̀, ẹfun, àti arsenic. Arsenic yìí, ìyẹ̀fun funfun ni, kò ní òórùn, kò sì ní adùn tí ahọ́n lè tètè dá mọ̀. Kòkòrò tó bá jẹ ẹ́ kú. Bécoeur fi àṣírí rẹ̀ pamọ́ títí tó fi kú lọ́dún 1777, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí àṣírí náà jáde, gbogbo ayé gbà á. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ń kó ẹyẹ àti ẹranko jọ tí kò mọ ọṣẹ arsenic.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé wàyí. Lọ́dún 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta wá sórí Odò Ọya: Albert, Wilberforce àti Soudan. Àjàyí Crowther wa wà lára àwọn tó bá wọn wá. Wọ́n dé ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, níbi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, ní ìsàlẹ̀ òkè wa yìí. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ígálà, wọ́n sì dá oko sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé wà nínú ọkọ̀ náà: Theodor Vogel, ará Jámánì, onímọ̀ nípa ewéko, William Stanger, onímọ̀ nípa òkúta, Louis Fraser, onímọ̀ nípa ẹranko. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kó ohun tó wà nílẹ̀ wa jọ, kí wọ́n pa á mọ́, kí wọ́n sì gbé e relé.

Kí lẹ rò pé àwọn èèyàn yìí ń bẹ̀rù jù? Òórùn ni. Wọ́n gbà pé òórùn ẹrọ̀fọ̀ ló ń fa ibà. Ìdí nìyẹn tí ibà fi ń jẹ́ malaria, ọ̀rọ̀ àwọn ará Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ burúkú. Nítorí náà, wọ́n kan ẹ̀rọ kan sínú ọkọ̀ náà, iṣẹ́ ọwọ́ Dókítà Reid, tí á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú àpótí tí kẹ́míkà wà, kí afẹ́fẹ́ náà lè mọ́ kó tó dé yàrá tí wọ́n ń sùn. Owó gidi ni wọ́n ná sí i. Ẹ gbọ́ àbájáde rẹ̀: nínú Òyìnbó 145, ibà mú 130, bí ogójì sì kú. Vogel ò padà sílé. Ó kú sí Fernando Po ní ọjọ́ 17, oṣù December 1841, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ewé tó kó jọ délé, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 1849. Òun fúnra rẹ̀ ò délé.

Ẹ̀fọn ló ń pa wọ́n. Ẹ̀fọn ò sì ní òórùn. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí àrídájú pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà. Baikie, dókítà tó padà wá lọ́dún 1854 nínú ọkọ̀ Pleiad, òun náà ò mọ̀ nípa ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa lo quinine déédéé. Òyìnbó méjìlá ló bá a lọ, méjìlá náà ló bọ̀ láàyè. Baikie yìí náà ló wá tẹ Lọ́kọ́ja dó ní nǹkan bí ọdún 1860.

Ohun tí mo ń fà yọ nìyí. Láyé yẹn, wọ́n ń ná owó láti sá fún òórùn tí kì í pani, nígbà tí àwọn tó ń kó ẹyẹ jọ káàkiri ayé ń fi ọwọ́ lásán po arsenic tí kò ní òórùn kankan. Imú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó tó gbọ́kàn lé. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ṣì ní awọ ẹyẹ àti awọ ẹran láti ayé ìgbà náà títí dòní, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì ń wọ ìbọ̀wọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí arsenic kì í rà, kì í ṣá. Ẹni tó fi í pa ẹyẹ yẹn lára ti kú ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, májèlé ọwọ́ rẹ̀ ò tíì sùn.

Ẹ sì kíyè sí nǹkan kan. Orúkọ Vogel wà nínú ìwé, orúkọ Fraser wà nínú ìwé. Ta ló gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀? Ta ló fọ igbá tí wọ́n fi po oògùn? Irú àwa ni. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú ẹrù kì í sábà jẹ́ ẹni tó gbé ẹrù.

Ohùn kẹrin

Ọdún 1893. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọdún yìí sọ́kàn, nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Mary Kingsley gúnlẹ̀ sí etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wa. Ó fẹ́ kó ẹja jọ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù. Báwo ló ṣe ń rówó rìn? Òwò ló ń ṣe bíi tiwa! Ó ń gbé aṣọ, tábà àti ìwọ̀ ẹja kiri, ó ń fi wọ́n gba rọ́bà àti eyín erin. Inú ọtí ló ń kó ẹja sí. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ àwọn ẹja kan títí dòní. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ìgò àti oògùn ò kan oníṣòwò.

Ìkejì, ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, dókítà kan tó ń jẹ́ Ferdinand Blum ń dán omi tuntun kan wò. Ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Butlerov, ló kọ́kọ́ ṣèèṣì rí nǹkan náà lọ́dún 1859, kí Hofmann ará Jámánì tó wá fi hàn kedere lọ́dún 1867 pé látinú methanol ni wọ́n ti ń ṣe é. Formaldehyde ni wọ́n pè é. Gáàsì ni, tí wọ́n bá pò ó mọ́ omi, òun ni fọ́málínì. Blum fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè pa kòkòrò àrùn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, ó rí i pé awọ ìka òun fúnra òun ń le. Ó ń le bíi ti ẹran tí wọ́n ti rì sínú ọtí. Ó ronú lórí rẹ̀, ó wá ri ẹran sínú omi náà, ẹran náà le, kò sì rà. Ó kọ ọ́ jáde lọ́dún 1893 yẹn, gbogbo ayé sì gbà á torí ó rọrùn, kò wọ́n, kì í gbaná bí ọtí.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lálẹ́ yìí. Kí wọ́n tó mọ̀ pé fọ́málínì ń mú ẹran òkú le, ọwọ́ alààyè ló kọ́kọ́ mú le. Ìka Blum ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ohun tó ń ṣe fún òkú ni pé ó ń so ẹran ara pọ̀ mọ́ra wọn kó má lè tú ká mọ́. Ẹran ara ẹni tó ń mí náà ni ẹran ara. Kẹ́míkà ò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Kò béèrè bóyá ojú tí òun fọ́n sí ṣì ń ríran.

Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Lọ́dún 1930 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yábàá, ní 1948 ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà ti pọ̀ yí wa ká, mọ́ṣúárì sì wà ní gbogbo ìlú ńlá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lo fọ́málínì. Iṣẹ́ rere ni. Dókítà tó gbẹ̀bí ọmọ yín, ara òkú ló ti kọ́ ibi tí ilé ọmọ wà. Mi ò bú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ yàrá yẹn, omi bọ́ lójú mi, ọ̀fun mi ń ta. Mo sá jáde. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní á mọ́ mi lára. Lóòótọ́, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò fi gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Mo rò pé mo ti lágbára. Kì í ṣe agbára, imú mi ló ti sú u. Oògùn náà ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe wà, mo kàn ti pàdánù ẹni tó ń pariwo fún mi ni. Aṣọ ìbomú tí wọ́n fún wa, èyí tí gbogbo ayé wọ̀ nígbà kòrónà, kì í dá gáàsì dúró. Ìbọ̀wọ́ wa lu, a sì ń fọ̀ ọ́, à ń tún un wọ̀. Fèrèsé méjì ló wà, wọ́n ti ọ̀kan pa nítorí olè.

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán bí ilẹ̀ ọyẹ́. Ní tèmi, ẹ ti máa ń bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ìyàwó mi ló máa ń gbé pánlá sí imú kí n tó ra ọjà. Ẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò gbọ́ òórùn dáadáa mọ́. Dókítà tí mo lọ bá ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi iṣẹ́ yẹn ló ti wá, èmi náà ò ní búra lé e. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbọ́ òórùn kí n tó débẹ̀.

Èyí tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé lọ́dún 2004, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ, èyí tó wà lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé formaldehyde wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, ti ẹ̀yìn imú. Lọ́dún 2009 wọ́n fi jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ kún un. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò gbà kí òṣìṣẹ́ mí ju 0.75 lọ nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́, fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Nǹkan tó kéré tó báyìí, òun ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọ̀n. Àwa, imú la fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ sì ti gbọ́ irú ẹlẹ́rìí tí imú jẹ́.

Ohùn karùn-ún

Ó kù díẹ̀, n ó sì parí. Àbúrò mi, ìwọ tó béèrè ìbéèrè, ibi tó kàn ọ́ nìyí.

Fọ́málínì tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe èyí tí wọ́n ti là. Èyí tó pọ́n ni. Bí ìdá 37 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni oògùn náà gan-an, wọ́n sì máa ń fi methanol sí i kó má bàa dì. Methanol kan náà tó wọ Òde-Ìrèlè. Ẹ wá rí i pé májèlé méjì ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì kan. Àti pé kẹ́ẹ̀gì yẹn kì í gbaná bí ọtí, ṣùgbọ́n tí ooru bá mú un tó, methanol inú rẹ̀ á jẹ́ kó gbaná.

Oòrùn Lọ́kọ́ja, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Tí tírélà bá dúró nínú gòslóò lọ́sàn-án gangan, tí tapólì sì bo ẹrù, ooru á lé gáàsì jáde lábẹ́ ọmọrí tí kò dí dáadáa. Pánlá á mu ún, fláwà á mu ún, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó sùn lórí ẹrù á mí i símú. Tí ó bá sì gòkè dé Agbaja níbí lásìkò ọyẹ́, tí òtútù mú un, nǹkan funfun á dì sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ti bàjẹ́, á dà á sí gọ́tà. Kò bàjẹ́ o. Oògùn náà ló dì, agbára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àlábàárù tó máa sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ejìká ńkọ́? Tó bá ta sí i lójú, ta ló máa sọ fún un pé kó fi omi tó mọ́ ṣan ojú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó tó máa sáré lọ sílé ìwòsàn? Tí ọmọdé bá ṣèèṣì mu ún, ta ló máa sọ pé kí wọ́n má fún un ní epo pupa, kí wọ́n má fi ipá mú un bì, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀? Nígbà tí oògùn bá tán, kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Ẹ mọ̀ wá. A ò kì í ju kẹ́ẹ̀gì nù. Á di ti epo pupa, á di ti omi mímu.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù, kí ẹ má bínú. Kì í ṣe gbogbo fọ́málínì tó ń wọlé ló ń lọ sọ́dọ̀ òkú. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra fún àwọn tó ń fi í sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àti àwọn tó ń fi í sí ẹran àti ẹja kó má bàa rà. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Eṣinṣin kì í bà lé e. Mo ti rí ẹran tó wà nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tí kò yí padà. Ẹja tí eṣinṣin bá ti sá fún, ṣé èèyàn ló yẹ kó jẹ ẹ́? Tí ẹnì kan bá wà nínú gúrúùpù yìí tó ń ṣe é, mi ò bi í, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kó jọ̀ọ́, kó fi sílẹ̀ lónìí.

Ìdáhùn mi fún àbúrò mi nìyí. Má kó o sínú tírélà oúnjẹ, iye yòówù kí wọ́n san. Ẹni tó ni ín kó lọ wá ọkọ̀ tí kò ní oúnjẹ nínú, tí awakọ̀ rẹ̀ mọ ohun tó gbé, kí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dúró ṣánṣán, kí ọmọrí rẹ̀ dí, kí orúkọ oògùn àti àmì májèlé hàn gbangba lára rẹ̀, kó sì jìnnà sí ásíìdì àti bílíìṣì. Kó béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó rà á pé ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ ni lóòótọ́. Tí kò bá rí ìwé mú wá, òwò yẹn kì í ṣe tìrẹ. Tó bá jẹ́ pé o ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, dá a padà. Tí díẹ̀ bá ti jáde nínú owó náà, fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ká jọ wo ohun tí a lè ṣe.

Àwọn tó kọ́kọ́ kó oògùn yìí kiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Vogel ò mọ ohun tó pa á. Blum wo ìka ara rẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Èmi wo tèmi fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò kẹ́kọ̀ọ́ kankan, torí kò sẹ́ni tó sọ fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Ìwọ béèrè, àbúrò mi. O ṣe dáadáa. Àwa tí a fi ẹ̀rín dá ọ lóhùn la jẹ̀bi, èmi ni mo sì jẹ̀bi jù, torí mo mọ̀.

Alága, mo ti parí. Ẹ bá mi yọ àwòrán ẹ̀rín tí mo fi síbẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday yẹn kúrò, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà, a ò ní fi ọwọ́ ara wa gbé ikú wọ ọjà. Ó dàárọ̀ o.